Láti Iṣẹ́ Olùkọ́ dé Ipò Bíṣọ́ọ̀bù: Àtúnbẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́ Nínú Ìgbésí Ayé Samuel Àjàyí Crowther àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ fún Ilé-Ẹ̀kọ́ Olùkọ́ni

Àṣamọ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló mọ Samuel Àjàyí Crowther gẹ́gẹ́ bí ẹrú tí ó di bíṣọ́ọ̀bù. Nínú iṣẹ́ yìí, a gba ọ̀nà mìíràn wo ìgbésí ayé rẹ̀. A gbé ìgbà márùn-ún yẹ̀ wò tí ó bọ́ sínú ojúṣe tuntun láàárín ọdún 1827 sí 1891, a sì bèèrè ohun tí ó ràn án lọ́wọ́ àti ohun tí ó dí i lọ́wọ́ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Àbájáde wa ni pé ẹnì kan náà ni Crowther jẹ́ ní gbogbo ìgbà wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ìmúrasílẹ̀ tí àwọn tí ó rán an níṣẹ́ ṣe fún un kò rí bákan náà. Níbi tí wọ́n ti fún un ní àkókò láti kọ́ṣẹ́ àti ènìyàn tí yóò fọ̀nà hàn án, iṣẹ́ náà fẹsẹ̀ múlẹ̀. Níbi tí wọ́n ti fún un ní oyè láìfún un ní irinṣẹ́, iṣẹ́ náà mì, òun nìkan ni wọ́n sì di ẹ̀bi rẹ̀ rù. A fi àbá díẹ̀ parí ọ̀rọ̀ wa fún àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ láti kọ́ olùkọ́.

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Òtítọ́ ni òwe yìí, ṣùgbọ́n ó gbà pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tí a lè bi léèrè. Bí ẹni tí a rán lọ sí ọ̀nà àìmọ̀ bá bèèrè tí kò rí ẹni dá a lóhùn, ta ni a ó di ẹ̀bi rẹ̀ rù bí ó bá ṣìnà?

Ìbéèrè yìí kan àwa olùkọ́ni gbọ̀ngbọ̀n. Bíbẹ̀rẹ̀ ojúṣe tuntun kì í ṣe ohun àjèjì láàárín wa. Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ a di olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni. Olùkọ́ èdè a di olórí ẹ̀ka. Ẹni tí ó ti ń kọ́ni ní Ẹ̀kọ́ Ìgbàgbọ́ láti ọdún pípẹ́ a gba ìpè, a sì di àlùfáà ìjọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé lẹ́tà ìyànsípò nìkan ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń gbà. Bí iṣẹ́ náà bá yọrí sí rere, a ó ní ó mọṣẹ́. Bí kò bá yọrí, a ó ní kò kún ojú òṣùwọ̀n. A kì í sábà bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní iṣẹ́ náà.

Ohun mẹ́ta ni ó mú wa yan Crowther. Èkíní, olùkọ́ ni kí ó tó di ohunkóhun mìíràn. Èkejì, ó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ìránṣẹ́ Ọlọ́run, ojúṣe rẹ̀ sì yí padà léraléra, tí a fi lè fi ìgbà kan wé òmíràn. Ẹ̀kẹta, òun fúnra rẹ̀ kọ ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a sì tẹ̀ jáde nígbà ayé rẹ̀.

Bí a ti sábà máa ń gbọ́ ìtàn náà, ńṣe ló dà bí àkàbà: ẹrú, ẹni òmìnira, olùkọ́, àlùfáà, bíṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí ó bá ń gun àkàbà kì í padà sí ìsàlẹ̀. Bí a bá sì wo ìtàn náà dáadáa, a ó rí i pé ní ìgbà kọ̀ọ̀kan ni Crowther padà sí ìsàlẹ̀, tí ó tún di akẹ́kọ̀ọ́. Apá yìí ni a fẹ́ kí ìjíròrò wa dá lé lórí.

Àtúnbẹ̀rẹ̀ Kìíní: Láti Akẹ́kọ̀ọ́ sí Olùkọ́

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821 ni àwọn ajagun ya wọ Òṣogùn, ìlú kan tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn, wọ́n sì kó Àjàyí pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ lẹ́rú. Ọmọdékùnrin ni nígbà náà. Wọ́n tà á láti ọwọ́ ẹnì kan sí ọwọ́ ẹlòmíràn títí ó fi dé Èkó, níbi tí àwọn Potogí ti rà á. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Myrmidon mú ọkọ̀ àwọn tí ń ṣòwò ẹrú náà lójú òkun. Wọ́n kó àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ lọ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró.

Níbẹ̀ ni Àjàyí ti bẹ̀rẹ̀ ìwé. Láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ó ti lè ka Májẹ̀mú Tuntun ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó kọ́ iṣẹ́ káfíńtà pẹ̀lú. Ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825 ni ó ṣe ìrìbọmi, tí ó sì gba orúkọ Samuel Crowther. Ní ọdún 1826, wọ́n mú un lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì lo oṣù díẹ̀ ní ilé-ìwé ìjọ kan ní Islington, ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay ní ọdún 1827, Crowther wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbà.

Ó yẹ kí àwa olùkọ́ni fi ọkàn sí ohun tí Fourah Bay jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ ni láti kọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ní iṣẹ́ olùkọ́ àti iṣẹ́ ìránṣẹ́ nínú ìjọ. Ní ọ̀rọ̀ kan, ẹ̀gbọ́n ni ó jẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni tiwa. Láti ibẹ̀ ni Crowther ti lọ kọ́ni ní àwọn abúlé tí a tẹ̀ dó fún àwọn tí a gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, irú bí i Regent. Ìyàwó rẹ̀, Susan, tí òun náà jẹ́ ẹni tí a gbà kúrò nínú oko ẹrú, jẹ́ olùkọ́ bíi tirẹ̀. Lẹ́yìn èyí, Crowther padà sí Fourah Bay láti máa kọ́ àwọn tí wọ́n fẹ́ di olùkọ́. A lè sọ pé ní àtúnbẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́ yìí, gbogbo ohun tí ó yẹ ni ó pé: ẹ̀kọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, olùtọ́sọ́nà nítòsí, àti ibi tí ó lè padà sí nígbà tí ó bá ní ìbéèrè.

Àtúnbẹ̀rẹ̀ Kejì: Ìrìn-àjò Odò Ọya àti Islington

Ní ọdún 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta, Albert, Wilberforce àti Soudan, lọ sí Odò Ọya. Èrò wọn ni láti bá àwọn ọba etídò ṣe àdéhùn pé wọn yóò fi òwò ẹrú sílẹ̀. CMS fi ènìyàn méjì sínú ìrìn-àjò náà: òyìnbó Jámánì kan tí ń jẹ́ J. F. Schön, àti Crowther. Ibà ba ìrìn-àjò náà jẹ́. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn òyìnbó tí ó wà nínú ọkọ̀ ni ó ṣàìsàn, nǹkan bí 40 nínú wọn sì kú. Ẹ̀kọ́ tí Schön rí kọ́ níbẹ̀ ni pé bí Ìhìnrere yóò bá dé àárín ilẹ̀ Áfíríkà, àwọn ọmọ Áfíríkà ni yóò gbé e débẹ̀. Ó dámọ̀ràn pé kí CMS kọ́ Crowther sí i, kí wọ́n sì fi í jẹ àlùfáà.

Ní ọdún 1842, Crowther wọ ilé-ẹ̀kọ́ CMS ní Islington. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Ó ní aya àti ọmọ, ó sì ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Síbẹ̀, ó tún jókòó lórí àga akẹ́kọ̀ọ́. Kò sí ẹni tí ó sọ pé ìrírí rẹ̀ ti tó, kí ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù. Ní ọdún 1843, Bíṣọ́ọ̀bù Lọ́ńdọ̀nù fi í jẹ díákónì ní oṣù Kẹfà, ó sì fi í jẹ àlùfáà ní oṣù Kẹwàá. Ọdún yẹn kan náà ni ìwé rẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde. Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí pé iṣẹ́ èdè tí ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ kò parí nígbà tí ó di àlùfáà. Ńṣe ni ó gbé irinṣẹ́ àtijọ́ rẹ̀ dání wọnú ojúṣe tuntun.

Àtúnbẹ̀rẹ̀ Kẹta: Wíwàásù ní Èdè Abínibí

Ní oṣù Kìíní ọdún 1844, Crowther bẹ̀rẹ̀ ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown. Ẹnikẹ́ni ìbá rò pé èyí ni yóò rọrùn jù fún un. Yorùbá ni ìyá rẹ̀ fi bá a sọ̀rọ̀, òun sì ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìròyìn tí òun fúnra rẹ̀ kọ sọ pé lọ́jọ́ náà, ó dà bí ẹni pé ọmọ ọwọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè ìyá rẹ̀ ni òun. Ọ̀rọ̀ inú Ìhìnrere Lúùkù orí kìíní ni ó fi wàásù. Nígbà tí àwọn ènìyàn gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní èdè tiwọn, ìdáhùn wọn ni pé kí ó ṣẹ.

Àwa tí a ń kọ́ olùkọ́ èdè mọ ohun tí Crowther ń sọ. Ọ̀tọ̀ ni kí a mọ èdè sọ nílé, ọ̀tọ̀ ni kí a fi kọ́ni. Ẹni tí ó ti ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ronú nípa ẹ̀kọ́ Ìgbàgbọ́ láti ọdún 1825 ní láti wá ọ̀nà tuntun láti sọ ohun tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1845, òun, Henry Townsend àti C. A. Gollmer gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Ṣùgbọ́n ìgbà náà ni Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá tí ó ti ṣèlérí láti gbà wọ́n, kú. Ọ̀nà sì dí. Nǹkan bí ọdún kan àbọ̀ ni wọ́n fi dúró sí Àgbádárìgì. Crowther kò jókòó lásán ní àkókò náà. Ó ń wàásù, wọ́n dá ilé-ìwé sílẹ̀, ó sì ń tẹ̀ síwájú nínú ìtumọ̀ Bíbélì. Oṣù Kẹjọ ọdún 1846 ni ó tó wọ Abẹ́òkúta. Kò pé oṣù kan tí ó débẹ̀ tí ó fi tún rí ìyá rẹ̀, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí ogun ti pín wọn níyà. Ní oṣù Kejì ọdún 1848, ìyá náà wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi ní Abẹ́òkúta.

Ní ìlú yìí ni iṣẹ́ ìtumọ̀ rẹ̀ ti dàgbà. Crowther kò gbẹ́kẹ̀ lé etí ara rẹ̀ nìkan. Ó ń tẹ́tí sí àwọn àgbàlagbà bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, ó ń kọ àwọn ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀ sílẹ̀, ó sì ń wádìí ìlò wọn. Ìtumọ̀ ìwé Róòmù jáde ní ọdún 1850. Ní ọdún 1852, ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ tún jáde, ó ti gbòòrò ju ti àkọ́kọ́ lọ. Òun àti àwọn mìíràn tẹ̀ síwájú, títí gbogbo Bíbélì fi parí ní èdè Yorùbá ní àárín ọdún 1880 sí 1890. Ìwé tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wa fi kọ́ bí a ti ń kàwé ni Bíbélì yìí. Láti inú àkókò ìdúró àti ìbéèrè ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń jáde.

Àtúnbẹ̀rẹ̀ Kẹrin: Àárín Àwọn Tí Kì í Ṣe Ọmọ Yorùbá

Ní ọdún 1854, Crowther bá Dókítà Baikie lọ sí Odò Ọya nínú ọkọ̀ Pleiad. Oògùn kuiníìnì tí wọ́n ń lò déédéé kò jẹ́ kí ibà pa ẹnikẹ́ni. Ìrìn-àjò yìí ni ó ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìhìnrere tí ó dúró ṣinṣin níbẹ̀. Ní ọdún 1857, nígbà tí ọkọ̀ Dayspring ń lọ, CMS fi Crowther ṣe olórí iṣẹ́ náà. Ó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ní Abẹ́òkúta, ọmọ onílẹ̀ ni. Ní Onitsha, àlejò ni. Kò gbọ́ èdè Ìgbò, kò gbọ́ Nupe dáadáa. Simon Jonas, ọmọ Ìgbò kan tí òun náà ti Sàró wá, ni ó ń ṣe ògbufọ̀ fún un. Crowther gbà pé òun kò mọ̀, ó sì padà sí iṣẹ́ tí ó mọ̀ jù lọ, ìyẹn ìwé ábídí. Ní ọdún 1857 kan náà ni ìwé ábídí Ìgbò tí ó ṣe jáde. Ti Nupe tẹ̀ lé e ní ọdún 1860. Ní Onitsha, ó fi John Christopher Taylor, àlùfáà kan tí wọ́n bí ní Sàró ṣùgbọ́n tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Ìgbò, ṣe olórí iṣẹ́ ibẹ̀, nítorí pé ó mọ̀ pé ẹni tí ó lè sún mọ́ èdè náà ni ó yẹ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìṣòro ti ń yọjú. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1857, Dayspring fọ́ mọ́ àpáta nítòsí Jẹ́bà, Crowther àti àwọn yòókù sì há sí òkè odò fún ìgbà pípẹ́. CMS kò ní ọkọ̀ tirẹ̀ lórí odò náà. Bí ọkọ̀ oníṣòwò bá ń lọ ni ajíhìnrere tó lè lọ. Bí kò bá lọ, àwọn olùkọ́ tí Crowther fi sí Onitsha tàbí Gbebe lè wà fún oṣù púpọ̀ láìrí alábòójútó kankan. Ojúṣe náà ń gbòòrò sí i, ṣùgbọ́n ohun tí yóò fi ṣe é kò gbòòrò tó o.

Àtúnbẹ̀rẹ̀ Karùn-ún: Oyè Láìsí Irinṣẹ́

Ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1864 ni wọ́n ya Crowther sí mímọ́ gẹ́gẹ́ bí bíṣọ́ọ̀bù ní ilé ìjọsìn ńlá Canterbury. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó jẹ bíṣọ́ọ̀bù nínú ìjọ Áńgílíkà. Kò sáré wá ipò náà. Ó lọ́ra láti gbà á, Henry Venn, akọ̀wé àgbà CMS, ni ó rọ̀ ọ́ títí ó fi gbà.

Títí di òní ni a ń yọ̀ lórí ọjọ́ náà, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá wo agbègbè tí wọ́n fún un, ọ̀rọ̀ náà yí padà. Ìwé àṣẹ fi sí i pé àwọn ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí kò sí lábẹ́ àkóso Gẹ̀ẹ́sì ni yóò jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù lé lórí. Èkó ti wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1861, nítorí náà kò sí lábẹ́ rẹ̀. Abẹ́òkúta, níbi tí a ti mọ̀ ọ́n, tí ó gbọ́ èdè, tí ìyá rẹ̀ ti ṣe ìrìbọmi, kò sí lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé Townsend àti àwọn òyìnbó bíi tirẹ̀ kò fẹ́ wà lábẹ́ bíṣọ́ọ̀bù aláwọ̀ dúdú. Odò Ọya ni iṣẹ́ rẹ̀, Èkó sì ni ilé rẹ̀. Ẹni tí ó mọ Yorùbá jù lọ nínú wọn ni wọ́n rán lọ ṣe bíṣọ́ọ̀bù níbi tí a kò ti ń sọ Yorùbá.

Síbẹ̀ ó ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Bonny láàárín ọdún díẹ̀, ó sì dé Brass ní ọdún 1868. Ilé-ìwé ni ó sábà máa ń bá wọlé, nítorí pé àwọn olórí etíkun fẹ́ kí ọmọ wọn mọ ìwé àti ìṣirò. Ọgbọ́n olùkọ́ ni bíṣọ́ọ̀bù náà fi ń ṣiṣẹ́.

Àwọn tí yóò bá a ṣe é ni ó ṣòro láti rí. Láti Sàró ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá. Èdè ibẹ̀ ṣàjèjì sí wọn, owó oṣù wọn kéré, ọ̀nà wọn sì jìn sí ti bíṣọ́ọ̀bù. Àwọn kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòwò, àwọn kan hùwà tí kò yẹ òjíṣẹ́ Ọlọ́run. Crowther fúnra rẹ̀ ní sùúrù púpọ̀ fún àwọn ènìyàn rẹ̀, àwọn kan sì ka sùúrù náà sí àìkápá. Òtítọ́ ni pé àṣìṣe wà nínú iṣẹ́ náà, a kò ní fi pamọ́.

Venn kú ní ọdún 1873. Àwọn tí ó rọ́pò rẹ̀ kò ní irú ìgbẹ́kẹ̀lé tí òun ní nínú Crowther. Nígbà tí ọkọ̀ eléèéfín dé nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín ní ọdún 1878, tí wọ́n sì fi orúkọ Henry Venn pè é, òyìnbó ni wọ́n fi àkóso ọkọ̀ náà àti ọ̀ràn owó lé lọ́wọ́, kì í ṣe bíṣọ́ọ̀bù. Ní ọdún 1890, àwọn òyìnbó ajíhìnrere tí ọjọ́ orí wọn kéré dé sí Odò Ọya. Graham Wilmot Brooke, tí ó wà lára àwọn aṣáájú wọn, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Crowther ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ní ìpàdé ìgbìmọ̀ owó tí wọ́n ṣe ní Onitsha ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, wọ́n dá ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ dúró lójú bíṣọ́ọ̀bù. Ọmọ rẹ̀, Dandeson, tí ó jẹ́ áṣídíákónì, wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Crowther kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ náà. Ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1891 ni ó kú ní Èkó.

Yorùbá ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ìjọ tí ó wà ní etíkun kọ̀ láti gba ìdájọ́ náà. Ní ọdún 1892, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bójú tó ara wọn lábẹ́ Dandeson Crowther. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò bàbá rẹ̀. Ó sì ju àádọ́ta ọdún lọ lẹ́yìn ikú rẹ̀ kí aláwọ̀ dúdú mìíràn tó ní agbègbè bíṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ nínú ìjọ Áńgílíkà ní ilẹ̀ wa.

Ìtúpalẹ̀

Kí ni ó fa ìyàtọ̀ láàárín ọdún 1843 àti ọdún 1890? Àwọn kan yóò sọ pé ogbó ni. Ogbó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣòro ọkọ̀, ti èdè àti ti òṣìṣẹ́ ti wà láti ìgbà tí ó ṣì lágbára. Àwọn mìíràn yóò sọ pé ìkórìíra àwọ̀ ni, pé ọ̀rọ̀ ìmúrasílẹ̀ kọ́. Àwa náà gbà pé ìkórìíra àwọ̀ wà níbẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni ọ̀nà tí ó gbà ṣiṣẹ́. Kò gba oyè lọ́wọ́ Crowther. Ó fi oyè sílẹ̀ fún un, ó mú irinṣẹ́ kúrò, ó sì wá fi òṣùwọ̀n ẹni tí ó ní irinṣẹ́ wọn iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀nà yìí lè ṣẹlẹ̀ níbi tí kò sí òyìnbó kankan. Bí a bá fi olùkọ́ ṣe olórí ẹ̀ka, tí kò ní yàrá ìṣiṣẹ́, tí kò mọ òfin ìnáwó, tí ẹni tí ó wà níbẹ̀ ṣáájú kò sì fi ohunkóhun hàn án, a ti fún un ní oyè láìsí irinṣẹ́. Bí a bá rán ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí NCE lọ sí abúlé tí kò gbọ́ èdè wọn, tí alábòójútó kò sì dé ibẹ̀ lọ́dún, ọ̀nà rẹ̀ kò jìnnà sí ti olùkọ́ tí ó wà ní Gbebe tí ó ń wo odò bóyá ọkọ̀ ń bọ̀.

Ohun mẹ́rin ni a rí nínú ìtàn yìí tí ó yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni mú lò.

Èkíní, ìrírí inú iṣẹ́ àtijọ́ kò rọ́pò ẹ̀kọ́ fún iṣẹ́ tuntun. CMS mọ èyí ní ọdún 1842 nígbà tí wọ́n mú olùkọ́ tí ó ti dàgbà padà sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó gba ipò olórí láàárín wa, ó yẹ kí ó ní àkókò ìkọ́ṣẹ́ tí a kà sí iṣẹ́.

Èkejì, ẹni tí ó ń bẹ̀rẹ̀ ojúṣe tuntun kò gbọ́dọ̀ ju irinṣẹ́ àtijọ́ rẹ̀ nù. Ábídí, ìwé ọ̀rọ̀ àti ilé-ìwé ni Crowther gbé dání láti Regent dé Bonny. Olùkọ́ tí ó di alákòóso, tàbí tí ó di àlùfáà, ṣì lè máa kọ́ni.

Ẹ̀kẹta, kí a jẹ́ kí àkókò ìdúró jẹ́ àkókò iṣẹ́. Ọdún kan àbọ̀ tí Crowther lò ní Àgbádárìgì kì í ṣe àdánù. Ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé ibi tuntun nílò àǹfààní láti tẹ́tí sílẹ̀ kí a tó máa bèèrè àbájáde lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí a tó dá ẹni tí ó kùnà lẹ́jọ́, kí a kọ́kọ́ ṣírò ohun tí a fún un. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìgbìmọ̀ tí ó jókòó ní Onitsha ní ọdún 1890 ka ẹ̀ṣẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ dáadáa. Ó yẹ kí wọ́n ka ọdún tí wọn kò fi rí ọkọ̀ àti owó tí a kò san fún wọn tó pẹ̀lú.

Ìkádìí

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti tẹ̀ lé Samuel Àjàyí Crowther la ojúṣe márùn-ún kọjá. A rí i pé kò sí èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìmọ̀ kíkún nínú wọn. Ní Fourah Bay, ní Islington, ní Freetown, ní Abẹ́òkúta àti ní Onitsha, ó kọ́kọ́ jókòó bí akẹ́kọ̀ọ́ kí ó tó dìde bí olórí. Ìrẹ̀lẹ̀ yìí jẹ́ tirẹ̀, a sì lè fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ṣùgbọ́n ìrẹ̀lẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò tó bí kò bá sí ẹni tí yóò kọ́ ọ, tí kò sì sí ohun tí yóò fi ṣiṣẹ́. Apá tí ó kàn wá jù lọ nínú ìtàn náà nìyẹn, nítorí pé àwa ni a ń kọ́ olùkọ́, àwa náà ni a sì ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ tí ń yan ènìyàn sípò. A dámọ̀ràn pé kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan tí ó rán aṣojú wá sí àpérò yìí ṣe ètò ìkọ́ṣẹ́ tí a kọ sílẹ̀ fún gbogbo ẹni tí a bá gbé ojúṣe tuntun lé lọ́wọ́, kí a sì fún un ní ẹnì kan tí ó ti ṣe iṣẹ́ náà rí, tí yóò lè bi léèrè ọ̀nà.